Bàbá Bẹ́kà ti dín búrẹ́dì kù kí n tó mọ̀: ṣé kí n dá wọn dúró ni?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀yin àgbà, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Bàbá mi ló dá bẹ́kìrì wa sílẹ̀ ní Olódó. Ọdún kẹta rèé tí wọ́n ti kú tí mo bọ́ sí ipò wọn. Àpò fúláwà mẹ́fà là ń pò lójúmọ́, ọmọ iṣẹ́ mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀. ₦1,200 là ń gbé búrẹ́dì ńlá fún àwọn ìyá tó ń tà á. Láti bí oṣù méjì, fúláwà, ṣúgà àti dísẹ́ẹ̀lì ń gbówó lórí. Mo ṣírò rẹ̀, ó tó ₦7,000 tó gun orí àpò kan. Mo ń rò ó bóyá kí n fi ₦100 lé owó ni tàbí kí n dín búrẹ́dì kù, n kò tíì mú ọ̀kan.

Mo lọ sí Èkó fún ọjọ́ márùn-ún. Nígbà tí mo dé, Bàbá Bẹ́kà ti dín in kù. 800 gíráàmù là ń gé tẹ́lẹ̀, wọ́n ti sọ ọ́ di 740. Wọn ò sọ fún mi, ọmọ tó ń di náílọ́ọ̀nù ló ta mí lólobó. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n ti wà níbẹ̀, àwọn ló máa ń fi ọ̀kadà gbé mi lọ sílé-ìwé. Ìyàwó mi ní kí n dá wọn dúró, pé tí mo bá gbójú fò ó, bẹ́kìrì ti di tiwọn nìyẹn. Kí ni kí n ṣe? Kí sì ni kí n ṣe sí ọ̀rọ̀ owó búrẹ́dì gan-an?

* * *

Èmi náà ń ṣe búrẹ́dì. Ọ̀nà Mọ́níyà ni mo wà, ọdún kọkàndínlógún rèé, nítorí náà n ò ní fi ìkíni fa ọ̀rọ̀ gùn. Ká kọ́kọ́ ṣírò.

Àpò fúláwà kan, 50 kílò ni. Bí omi, ṣúgà, bọ́tà, iyọ̀ àti yíìsì bá wọ inú rẹ̀, ohun tó máa jáde lára ẹ̀rọ á tó nǹkan bí 80 kílò. Bí ẹ bá ń gé e ní 800 gíráàmù, ọgọ́rùn-ún búrẹ́dì ni. Bí ẹ bá gé e ní 740, ó di 108. Mẹ́jọ tó lé yẹn, ₦9,600 ni lórí àpò kan. Tí o bá wá fi 800 sílẹ̀ bó ṣe wà, tí o fi ₦100 lé owó, ₦10,000 ni. ₦400 péré ló wà láàárín méjèèjì, èyíkéyìí tí o bá sì mú á bo ₦7,000 tí ò ń sunkún sí.

Nítorí náà, Bàbá Bẹ́kà ò jalè, orí wọn ò sì dàrú. Ìṣirò tí ìwọ ń gbé kiri láti oṣù méjì ni wọ́n ṣe lẹ́nu ààrò, wọ́n sì mú ọ̀kan.

Ìbéèrè tèmi nìyí: kí ni wọ́n tẹ̀ sára náílọ́ọ̀nù rẹ?

* * *

(Ó fèsì: "700 gíráàmù ni mà. Bàbá mi ló tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀.")

Ó dáa. Ààrò máa ń mu omi inú búrẹ́dì. Nínú ọgọ́rùn-ún, ká ní mẹ́wàá ló ń bá ooru lọ. 800 á jáde ní 720, ó ṣì ju ohun tó wà lára náílọ́ọ̀nù lọ. Bàbá rẹ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe nígbà tí wọ́n fi ogún gíráàmù sílẹ̀ fún ọjọ́ tí ààrò bá le jù. Ṣùgbọ́n 740 á jáde ní 666. Náílọ́ọ̀nù rẹ ń sọ 700, ohun tó wà nínú rẹ̀ ń sọ 666, orúkọ rẹ àti nọ́ńbà NAFDAC rẹ sì wà níta gbangba lára rẹ̀. Ẹni tó bá gbé e sórí ìwọ̀n kò ní bi ọ́ pé ta ló gé e.

Gbogbo wa la mọ kóńgò tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú ní ọjà. O lè ra ìrẹsì lọ́wọ́ obìnrin náà fún ọdún méjì láìbèèrè nǹkan kan. Ọjọ́ tí o bá yí kóńgò yẹn padà tí o rí ìdí rẹ̀, gbogbo ìrẹsì tó ti wọ̀n fún ọ láti ọjọ́ yìí wá ni o máa padà wọ̀n nínú ọkàn rẹ.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbà pé dídín búrẹ́dì kù àti fífi owó lé e jẹ́ ọgbọọgba, bí ìṣirò tilẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fi owó lé e, òde gbọ́. Ẹni tó dín in kù láìpààrọ̀ náílọ́ọ̀nù ń retí pé kò sẹ́ni tó máa wọ̀n ọ́n.

* * *

Mo ti ka ohun tí ẹ̀yin yòókù kọ. Ó pín sí ọ̀nà mẹ́ta.

Ẹni tó ń ta aṣọ ní Gbági ní kó dá bàbá náà dúró lónìí, pé ọ̀gá tí kò bá lè lé ènìyàn kì í ṣe ọ̀gá. Ẹni tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ ní Ìwó Road sọ bẹ́ẹ̀ náà, ó tún fi èpè díẹ̀ kún un. Ẹni tó ń ta ẹ̀wà ní Bódìjà sọ òdìkejì, ó ní bàbá yẹn gba bẹ́kìrì là, kí wọ́n fi owó kún owó wọn. Àwọn tó kù ní kó pe ẹbí jọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹbí wo? Ẹbí ò mọ 740 yàtọ̀ sí 800. Ẹ ó jókòó láti aago mẹ́rin títí di alẹ́, ẹ ó jẹ ìrẹsì, ẹnì kan á ní kẹ́ ẹ ṣe sùúrù, Bàbá Bẹ́kà á dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ tí wọ́n gbé lọ sílé-ìwé, ojú á ti gbogbo yín, ààrò á sì ṣì wà lọ́wọ́ wọn ní ọjọ́ kejì.

Ẹni ti Gbági, mo gbọ́ yín. Àmọ́ bí ọmọ iṣẹ́ yín bá lọ, aṣọ yín ò ní yí padà. Bí bẹ́kà bá lọ, búrẹ́dì a máa yí padà. Mo ti pààrọ̀ bẹ́kà lẹ́ẹ̀kan rí láàárín ọ̀sẹ̀ kan nítorí ìbínú. Oṣù méjì gbáko ni àwọn ìyá fi ń bi mí pé, "Kí ló ṣe búrẹ́dì yín?" Fúláwà kan náà, yíìsì kan náà. Ọwọ́ ló yàtọ̀.

* * *

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀, màá padà.

Ìyá mi ta aṣọ ní Ògùnpa. Ẹni tó bá dàgbà ní Ìbàdàn mọ ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980. Ọjọ́ Àìkú ni, ọjọ́ Omíyalé. Òjò náà ò dá fún ọ̀pọ̀ wákàtí, odò Ògùnpa kún bo bèbè, ó gbé ilé, ó gbé mọ́tò, ó gbé ènìyàn lọ. Ọmọdé ni mí nígbà náà, mo rántí òórùn ẹrẹ̀ yẹn.

Ìyá mi ní ọmọṣẹ́ kan tó ń sùn nítòsí ṣọ́ọ̀bù. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kó tó di ìgbà yẹn, aṣọ kan ti sọnù, ìyá mi sì ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ ṣí ilẹ̀kùn yẹn bí àwọn ò bá sí níbẹ̀, ìbáà ṣe ọba ló wá rajà. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ọmọ náà dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, ó ń wo ọ̀nà bóyá ìyá mi ń bọ̀. Ọ̀nà wo ni wọ́n fẹ́ gbà bọ̀? Ọmọṣẹ́ aládùúgbò wa kò dúró de ẹnikẹ́ni. Kò tilẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́. Ó já àgádágodo, ó ń ru ìdì aṣọ gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì títí omi fi lé e sókè.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni ìyá mi fi ń ṣépè fún ọmọ tiwọn yẹn. Ohun tí wọ́n ní kó ṣe ló sì ṣe.

Mo máa ń fi ìtàn yìí dá wọn lára yá, pé ẹ̀yin lẹ fi ẹnu yín rì aṣọ yín. Oṣù kejì 2023 ló pa mí lẹ́nu mọ́. Ẹ rántí ìgbà tí owó bébà di ohun tí à ń wá bí oògùn. Mo lọ sìnkú ní Ògbómọ̀ṣọ́. Kí n tó lọ, mo ti sọ fún ọmọ tó wà lẹ́nu géètì pé owó lọ́wọ́, búrẹ́dì lọ́wọ́, n kò fẹ́ tíránsífà, nítorí wọ́n ti fi àlẹ́ẹ̀tì irọ́ lù mí ní jìbìtì lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn ìyá dé láàárọ̀, kò sẹ́ni tó ní owó bébà. Àwọn tí mo ti mọ̀ láti ọdún mẹ́wàá, wọ́n na fóònù sí i, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́. Ó ní ọ̀gá òun ò fẹ́. Búrẹ́dì 340 ló sùn sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tí mo bínú sí i, ó kàn ní, "Mà, ẹ̀yin lẹ ní kí n má gbà á." Kò yájú o. Ó ń sọ ohun tí mo sọ fún mi ni.

* * *

Láti ìgbà yẹn, ohun tí mo ṣe ni pé mo fi iye sí ọwọ́ kálukú. Ẹni tó wà lẹ́nu géètì lè pinnu ohunkóhun tí kò bá ju ₦20,000 lọ láìpè mí: kó gba tíránsífà, kó fúnni láwìn, kó gba búrẹ́dì tó sùn padà. Bẹ́kà lè pinnu gbogbo ohun tó bá jẹ mọ́ omi, yíìsì àti ooru, n kò ní dá sí i. Ohun mẹ́ta ni kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn lẹ́yìn mi: ìwọ̀n búrẹ́dì, iye tí à ń tà á, àti gbígba ènìyàn síṣẹ́ tàbí lílé e lọ. Bí ọ̀rọ̀ bá kan ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí tí n kò gbé fóònù, kí wọ́n pe ọmọbìnrin mi. Bí òun náà ò bá gbé e, kí wọ́n ṣe bí a ti ṣe é lánàá. Ohun tí wọ́n bá sì pinnu, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé kan tó wà lórí tábìlì.

(Ẹni tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ ní Ìwó Road tún padà wá: "Ẹ fún wọn ní ₦20,000? Wọ́n á máa jí ₦19,900 lójoojúmọ́.")

Òótọ́ ni, ó ṣẹlẹ̀ sí mi. ₦18,000, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, orúkọ ẹnì kan náà, "búrẹ́dì tó sùn". Ìwé yẹn ló tú u fó láàárín oṣù kan. Kí n tó ní ìwé, n kò mọ iye tó ń lọ rárá. Nítorí náà, ẹ má rò pé mo ń ta ògùn ajẹ́bíidán fún yín.

* * *

Ọ̀rọ̀ owó. Mo sọ pé kó fi ₦100 lé e, àwọn ìyá méjì tó ń tà níbí sì gbé mi gbóná, wọ́n ní èmi tí mo ń jókòó sínú bẹ́kìrì ni mo lè sọ bẹ́ẹ̀. Wọn ò purọ́. Kí n fi ìṣirò gbè wọ́n lẹ́yìn: nínú ọgọ́rùn-ún búrẹ́dì tí o bá tà ní ₦1,300, bí márùn-ún bá sùn, ₦3,500 péré ló máa kù nínú ₦10,000 tí o rò pé o fi kún un. Kò dé ₦7,000. Méjì péré ni àyè rẹ̀ gbà. Bí ó bá ti di mẹ́ta, o ti ń fi àpò ara rẹ bọ́ Ìbàdàn.

Nígbà tí mo fi owó lé tèmi kẹ́yìn, àwọn ìyá mọ́kànlá lọ gbé ọjà ẹlòmíràn. Mẹ́fà padà wá lẹ́yìn tí bẹ́kìrì yẹn náà fi owó lé tiwọn. Márùn-ún ò padà. Ọ̀kan nínú wọn jẹ mí ní ₦64,000 títí di òní, ó sì máa ń kí mi dáadáa ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ìyẹn rán mi létí ohun kan tí ẹnikẹ́ni ò tíì mẹ́nu bà. Kó o tó kéde iye tuntun, gba owó tó wà níta. Ẹni tó jẹ ọ́ lówó ni owó tuntun máa kọ́kọ́ bí nínú, ìbínú yẹn ló sì máa fi gbé gbèsè rẹ lọ. Àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń gbé aṣọ láwìn kiri nílẹ̀ Yorùbá láyé àtijọ́ mọ èyí, wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó á fi jáde, ibẹ̀ la ti ń pè wọ́n ní Òṣómàáló. N kò ní kó o lóṣòó o. Ṣáà gba owó rẹ.

Ẹnì kan dá a lábàá pé kó ṣe méjèèjì: kí búrẹ́dì ńlá wà ní 800 pẹ̀lú owó tuntun, kó sì ṣe kékeré kan tó máa ní náílọ́ọ̀nù tirẹ̀ àti ìwọ̀n tirẹ̀ lára, kí ẹni tí owó rẹ̀ ò tó má padà sílé lọ́wọ́ òfo. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé àwọn tó ń tẹ náílọ́ọ̀nù kì í tẹ díẹ̀, wọ́n á ní kó o san owó ọ̀pọ̀ kílò kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ, o sì tún máa ra páànù tuntun. Ẹni tó ń po àpò mẹ́fà lójúmọ́ lè ṣe é, àmọ́ kì í ṣe lọ́sẹ̀ yìí.

* * *

Ẹni tó wà ní Òkè-Àdó ní kí wọ́n fún Bàbá Bẹ́kà ní oyè, kí wọ́n sọ wọ́n di máníjà, kí inú wọn dùn. Ẹ̀rín pa mí. Ìbàdàn mà ni wá. Ẹni bá jẹ Mọ́gàjí lónìí ń ka àkàsọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan tó kù lókè, ó sì mọ orúkọ ẹni tó wà lórí ìkọ̀ọ̀kan. Bàbá tó ti wà lẹ́nu ààrò fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ti ń kà á tipẹ́. Ní ọkàn wọn, nígbà tí bàbá yín kú, ta ló kàn? Ọmọ tó ń bọ̀ láti yunifásítì ni, àbí ẹni tó mọ ìgbà tí ààrò máa ń mú ooru jù? Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ gba bẹ́kìrì. Àmọ́ kò sẹ́ni tó jókòó tì wọ́n láti sọ ibi tí ọwọ́ wọn dé àti ibi tí kò dé. Orúkọ máníjà ò ní sọ ìyẹn fún wọn. Á kàn jẹ́ kí ọwọ́ wọn gùn sí i.

Lọ bá wọn nílé wọn, kì í ṣe ní bẹ́kìrì níwájú àwọn ọmọ. Má mú ìyàwó rẹ lọ. Bèèrè kí ló ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ yẹn, kó o sì dákẹ́.

* * *

(Ọjọ́ kẹta ló padà wá: "Màmá, mo lọ. Kí n tó délé wọn, mo yẹ fóònù mi wò. Bàbá Bẹ́kà pè mí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn. N kò gbé e, mo rò pé wọ́n fẹ́ yá owó ni, n kò sì pè wọ́n padà. Wọ́n ní ẹni tó ń gbé fúláwà wá sọ iye tuntun ní ẹnu géètì, àwọn ò sì mọ ohun tí àwọn fẹ́ ṣe. Wọ́n ní nígbà tí dọ́là gbéra ní 2016, bàbá mi pè wọ́n sí kọ̀rọ̀, wọ́n ní kí wọ́n dín in kù sí 740 fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní ohun tí bàbá mi ì bá ṣe làwọn ṣe.")

O rí i? Èmi tí mo ń fọ́nnu pé "kí wọ́n ṣe bí a ti ṣe é lánàá". Ohun tí Bàbá Bẹ́kà ṣe gan-an nìyẹn, àná tiwọn ló kàn jìnnà ju tìrẹ lọ. Ó gbá mi lẹ́nu. Mo ti ní kí ọmọbìnrin mi kọ 800 àti ₦1,500 tí à ń tà á sí ara ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwọ̀n, kó kọ ọjọ́ sí i, kí "àná" lè ní ọjọ́.

N kò ní dá wọn dúró ká ní èmi ni. Ìyàwó rẹ lè bínú sí mi, mo gbà. Àmọ́ má gbàgbé ìpè mẹ́ta yẹn nígbà tí o bá ń ro ẹ̀bi tiwọn.

Ní ti 740, kó dópin lálẹ́ òní. Padà sí 800 lọ́la, jẹ àdánù ọjọ́ mẹ́rin márùn-ún kan, fi ọjọ́ wọ̀nyẹn gba gbèsè, sọ fún àwọn ìyá ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, kí ₦1,300 bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé. Jẹ́ kí Bàbá Bẹ́kà fúnra wọn sọ ọ́ fún àwọn ìyá. Wọ́n máa ń gbọ́ tiwọn ju tìrẹ lọ.

Bí o bá sì fẹ́ wọn búrẹ́dì láti mọ̀ bóyá ó pé, má wọn èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ààrò jáde. Omi ṣì wà nínú rẹ̀, á tẹ̀wọ̀n jù bó ṣe máa rí lọ. Jẹ́ kó tutù dáadáa, wọn mẹ́wàá láti inú páànù oríṣiríṣi, kó o kọ iye wọn síbí fún mi.